Àkójọ Ọ̀rọ̀ Èdè Jàpáánì: Èdè Wo La Fi Ń Túmọ̀ Rẹ̀?

Àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Jàpáánì kan tí wọ́n ń fún àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo yẹ̀ wò. Faransé nìkan ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ Yorùbá, ibẹ̀ sì ni àléébù rẹ̀ wà.

Frère ni ó kọ síwájú ani àti otōto. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni ani, àbúrò ni otōto. A ó kàn fi “ọkùnrin” kún un ni. Merci ni ó pe otsukaresama, bẹ́ẹ̀ “ẹ kú iṣẹ́” ló sún mọ́ ọn jù.

Ti ohùn ló burú jù. Ní Tokyo, háshì ni igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun, hàshí sì ni afárá. Hashi lásán ni àkójọ náà kọ fún méjèèjì, nígbà tí àmì ohùn wa tó láti yà wọ́n.

Èmi kò ní kí a pa Faransé tì. “Yá” ni àwa ń lò fún kasu àti kariru, “lọ́wọ́” ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Prêter àti emprunter yà wọ́n kedere. Èdè tó bá pín ìtumọ̀ bíi ti Jàpáánì ni kí a fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.