Àyè Tó Yí Ọ̀rọ̀ Ká

Iṣẹ́ àwọn tó ń to ojú fóònù àti ojú ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà gba ìyìn, nítorí pé nígbà tí ohun gbogbo bá wà ní àyè rẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ṣe déédéé, ẹni tó ń lò ó kì í mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe làálàá. Ìgbà tí ìka bá tẹ "Pa á rẹ́" dípò "Fi pamọ́" ni yóò tó hàn pé ẹnì kan ti há bọ́tìnnì méjì mọ́ ara wọn.

Nínú CSS, èdè tí a fi ń sọ fún bráwúsà bí ojú ìwé yóò ṣe rí, èyí tí Håkon Wium Lie dábàá ní 1994 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, àpótí ni ohun gbogbo, ìbáà ṣe àwòrán, ìpínrọ̀ tàbí bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ wà láàárín àpótí. Padding ni àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà àti etí àpótí. Border ni etí náà gan-an. Margin sì ni àlàfo tó ya àpótí kan sọ́tọ̀ lára èkejì, bí èyí tí a ń fi sílẹ̀ láàárín ilé méjì kí òrùlé wọn má baà kanra. Ohun tó máa ń dààmú ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni pé ìbú tí a bá kọ sílẹ̀ kì í ṣe ìbú àpótí, bí kò ṣe ti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan. Bí a bá kọ píksẹ́lì 200, tí padding jẹ́ 20 lọ́tùn-ún àti 20 lósì, tí border sì jẹ́ 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpótí náà yóò gba 244, èyí tó yẹ kó jókòó tì í yóò sì já sísàlẹ̀. Internet Explorer 5, bráwúsà àtijọ́ kan, a máa ka padding àti border mọ́ 200 náà, èyí tó lòdì sí òfin W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn oníṣẹ́ sì bú u títí. Síbẹ̀ nígbà tó yá, CSS fúnra rẹ̀ mú box-sizing wá láti dá irú ìṣirò yẹn padà, ó sì ṣòro lónìí láti rí oníṣẹ́ tí kì í kọ ọ́ sókè fáìlì rẹ̀. Ẹni tí a bú ló jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Ní ti ìwọ̀n, Paul Fitts, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní 1954 pé bí ohun tí ọwọ́ ń lọ bá bá ṣe jìnnà tó, tó sì kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ọwọ́ tó bà á. Ìlànà Android ní kí ibi títẹ̀ tó dp 48 (dp ni ìwọ̀n tí Android ń lò), nǹkan bíi mìlímítà 9, bẹ́ẹ̀ àwòrán tó hàn nínú rẹ̀ lè má ju dp 24 lọ. Òfo ni ìyókù, ṣùgbọ́n òfo tó ń gbọ́ràn ni, nítorí ìka tó bá bọ́ síbẹ̀ kò ṣìnà.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù fún oníṣẹ́ Yorùbá ni gíga àpótí. Lẹ́tà wa ń gbé àmì lórí, ó ń gbé òmíràn lábẹ́, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní ìkankan ni ọ̀pọ̀ fi ń díwọ̀n. Fún ọdún pípẹ́, lẹ́tà ńlá ni bọ́tìnnì Android máa ń lò, orí lẹ́tà ńlá ni àmì ohùn sì ti ń ga jù. Bí a bá kọ "WÁ ỌKỌ̀" sínú àpótí tí a ti de gíga rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a fún ìlà rẹ̀ pọ̀, tí a sì ní kí ohunkóhun tó bá yọ jáde di gígé, "WA ỌKỌ" ni yóò kù lójú fóònù, ẹni tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ yóò sì máa wò ó bóyá ibi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn wá ọkọ ni òun ṣèèṣì yà sí. Àwọn kan á yára dín lẹ́tà kù, èyí tó ń fìyà jẹ ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Oníṣẹ́ tó gbọ́ṣẹ́ yóò yọ gíga tí a ti dè mọ́lẹ̀ náà kúrò, yóò fi min-height sí ipò rẹ̀, ìyẹn gíga tí àpótí kò gbọdọ̀ kéré sí ṣùgbọ́n tó lè kọjá, yóò tú ìlà sílẹ̀ díẹ̀, yóò sì fi em, ìwọ̀n tó ń tẹ̀lé ìtóbi lẹ́tà, díwọ̀n padding, kí àyè náà lè máa fẹ̀ bí ẹni tó ni fóònù bá ṣe ń sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá.