Ogún Ìyá Ogunléndé: Àgbéyẹ̀wò Àdìrẹ Ìbàdàndùn

Ó ti mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lára láti máa wá ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá nínú ìwé àti oríkì nìkan. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé aṣọ pẹ̀lú a máa sọ̀rọ̀, àti pé ohun tí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn ń sọ kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ sọ Ìbàdàn di ibùdó ogun. Kò pẹ́ tí àwọn ogunléndé láti Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú mìíràn tí ogun fọ́ fi wọ́ wá síbẹ̀. Obìnrin tí ó sá àsálà kò lè gbé ilé tàbí oko dání. Iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nìkan ni ẹrù tí ọ̀tá kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo aṣọ náà fúnra rẹ̀. Aládìrẹ a máa fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ gbáàgúdá ya àwòrán sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní mu aró. Àmì tí a fi ń dá Ìbàdàndùn mọ̀ ni àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí a kọ́ parí ní 1929, tí àwòrán ṣíbí sì wà láàárín wọn. Odidi gbólóhùn ni orúkọ rẹ̀: Ìbàdàn ni olùwà, dùn ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Kò sí 'yóò' níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí 'ìbá'. Ìlú tí àwọn ìyá-ńlá fi ẹkún wọ̀ ni àwọn ọmọ-ọmọ ń jẹ́rìí sí pé ó dùn. Lójú tiwa, òpó dúró fún ààbò, ṣíbí sì dúró fún oúnjẹ. Ẹni tí ìbẹ̀rù àti ebi ti lé rí ni yóò mọ ìdí tí a fi tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Àwọn kan ń sọ pé àwọn oníṣẹ́-ọnà òde òní ti ba àdìrẹ jẹ́ nítorí pé wọ́n ń mú ọnà tuntun wọ inú rẹ̀. A kò fara mọ́ èrò yìí. Ilé tuntun ni Màpó nígbà tí wọ́n yà á sára aṣọ. Òkè òkun ni aṣọ funfun náà ti wá. Àjọ̀dún ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí oyè, ní 1935, sì bí àdìrẹ mìíràn tí ó ní àwòrán ọba àti ayaba. Ìdásílẹ̀ ohun tuntun gan-an ni ogún náà. Iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Àpẹẹrẹ kan tí ó yè kooro ni ti Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní Ògìdì ní 1951. Ìyá-ńlá rẹ̀ tí ó tọ́ ọ ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Kò fi ogún náà pamọ́ sínú àpótí. Ní 1983 ó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ láìgba owó.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ayédèrú àdìrẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ fi kàn wá. Ẹni tí ó bá rà á láti fi rántí ìyá rẹ̀ ra àwòrán, ṣùgbọ́n kò bọlá fún ọwọ́ kankan. Bí a bá fẹ́ kí ogún ogunléndé wà, ẹ jẹ́ kí a ra iṣẹ́ aládìrẹ tí ó wà láàyè ní iye tí ó tọ́ sí i, kí a dárúkọ rẹ̀, kí a sì pè é wá sí kíláàsì wa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò sì rántí pé aṣọ tí a bá ń tú palẹ̀ ní orúkọ, ó ní àwòrán, ó ní ìtàn; èyí tí a bá fò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò mú kí àlàyé wa mẹ́hẹ.