Ìyípadà Ọkàn Kì í Ṣe Iṣẹ́ Òòjọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, eré àwòrán tí a ń pè ní Avatar: The Last Airbender, tí a fi hàn ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2005 títí di 2008, ní ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹni tí ń pìtàn. Apá 61 ni, a sì pín in sí ìwé mẹ́ta: Omi, Ilẹ̀, àti Iná.

Ọmọ ọba ni Zuko. Ozai bàbá rẹ̀ lé e kúrò nílé, ó ní kò gbọdọ̀ padà àfi bí ó bá mú Aang, ọmọdékùnrin alágbára nì, wá. Ṣùgbọ́n ìjà tí Zuko ń bá Aang jà kò tó èyí tí ó ń bá ara rẹ̀ jà. Ní òpin ìwé kejì, nígbà tí a rò pé ó ti yí padà, ó da Iroh, àbúrò ìyá àgbà kọ́, bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ó tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Ẹlòmíràn lè ráhùn pé ìtàn náà ń falẹ̀; èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìṣubú yìí ni ó mú kí omi bọ́ lójú wa nígbà tí Iroh gbá a mọ́ra kí ó tó bẹ̀bẹ̀ tán.

Aang kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ wúwo: ó ha yẹ kí òun pa Ozai bí? Ìgbà tí eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni ìbéèrè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú gbangba, ẹ̀dá ńlá kan inú òkun sì fún un ní agbára tí ìtàn kò mẹ́nu kàn rí. Ojútùú ti òde wá. Ọkàn rẹ̀ kò ṣe làálàá rẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọmọ bá kọ ìtàn, ẹ bi í pé: kí ni ẹni yìí pàdánù kí ó tó yí padà?