Àrokò Inú Igbó Irúnmalẹ̀: Ìbọn, Kùmọ̀ àti Kálámù

Ohun tí àwọn olùdánwò sábà máa ń kọ nípa Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà tí a tẹ̀ jáde ní 1938, ni pé ìlú ni ọ̀làjú, igbó sì ni ìwà ẹhànnà. Àwọn nǹkan tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá-ìtàn kò jẹ́rìí sí i.

Ìbọn ni kí a kọ́kọ́ wò. Bàbá Àkàrà-oògùn yìn ín lu ẹran tí ń jẹ ilá lóko. Nígbà tí a tọ ipa ẹ̀jẹ̀ dé ilé, ìyàwó rẹ̀ ni a bá nílẹ̀. Kí ọmọ tó dá wọ igbó rárá, ìbọn ti tú ilé wọn ká. Ti Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó kò tí ì wọra, wọn kò tí ì bá iwin kankan pàdé lójú ọ̀nà, tí akọni yìí fi pa obìnrin tí ó rọ̀ mọ́ ọn pé kí ó má lọ. Kùmọ̀ tí ó fi ń jẹ́ orúkọ ti sọ irú ẹni tí ó jẹ́ fún wa tẹ́lẹ̀. Àléébù Fágúnwà níbí ni pé ìtàn náà tètè gbàgbé obìnrin yìí; àwọn ọkùnrin kọjá lára òkú rẹ̀, wọ́n sì ń bá ìrìn wọn lọ.

Òdìkejì gbogbo ewu igbó ni ilé olójúlé méje ti Ìrágbèje wà, níbi tí wọ́n ti fi ọjọ́ méje gbọ́ ẹ̀kọ́. Níbo wá ni ọ̀làjú wà?

Nínú Lord of the Flies ti William Golding (1954), ìkarahun òkun ni àmì ètò: ẹni tí ó bá dì í mú ni ó láṣẹ láti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ó fọ́ náà ni ọmọ tí ó ni awò ojú kú. Àrokò ètò ti Golding ń fọ́ ni. Ti Fágúnwà, ìyẹn kálámù àti ìwé, ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ni ó ti yọjú, àgbà ọdẹ fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí a mú un wá.

Olùkọ́ tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùrè kò ní wá àfiwé lọ sọ́nà jíjìn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. A pàtẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, British Museum ni ó sì wà báyìí. Lára rẹ̀, ọba jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀; aṣojú ìjọba òyìnbó ni àwọn aláàárù gbé wá bá a.