Ìtàn Nátánì àti Eré Ogunde

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó rò pé ìnira yóò bá a lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ti wọ́n gógó, owó oṣù kò sì tó ó rà mọ́. Láti ìgbà ogun ni ìjọba ti fi òyìnbó kan, Pullen, sí ìdí iye tí a ó máa ta oúnjẹ. Àwọn obìnrin ọjà, tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn, kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní ta gàrí ní iye tí yóò sọ àwọn di onígbèsè. Ní oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ju 30,000 lọ da iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ju oṣù kan lọ kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀.

Nínú ọdún náà gan-an ni Hubert Ogunde gbé eré Strike and Hunger jáde. Eré yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí àwọn olùkọ́ kan a máa bi wá bí ó bá yẹ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ fi ọ̀rọ̀ ìlú ṣeré. Kí a má ṣe gbàgbé pé inú ìjọ ni Ogunde ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1944 ni ó ṣe eré ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó. Bí ó ti fi orin sọ ìtàn Bíbélì nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ó fi orin sọ ti ebi ní ọdún kejì.

Ìwé Mímọ́ pàápàá fi irú ọ̀nà yìí hàn wá. Nígbà tí Dáfídì gba aya Ùríà, Nátánì kò kọ́kọ́ bá a wí. Ìtàn ni ó sọ fún un, ti ọlọ́rọ̀ tí ó gba abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní. Inú bí ọba, ó sì dá ẹjọ́ náà kí ó tó mọ̀ pé òun gan-an ni ẹjọ́ bá wí. Ogunde pẹ̀lú fi ìtàn ọba àti ìlú bo ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n a rí àléébù kan. Ara ìtàn náà wọ aṣọ, orí rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ẹni tí ó bá ka àkọlé eré náà ti mọ ẹni tí à ń bá wí kí ó tó jókòó. Nátánì kò sọ orúkọ ìtàn rẹ̀ fún Dáfídì ní ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí eré náà dé Jos ní 1946, àwọn aláṣẹ fòfin dè é, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé Ogunde. A kò wí pé àkọlé nìkan ni ó fà á. Síbẹ̀, adájọ́ tí ó ti fura kì í jókòó gbọ́ ìtàn tán.

Òmíràn ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni àkọlé, Yorùbá ni orin. Ìyá tí ń ta gàrí lè kọ orin náà délé, ṣùgbọ́n ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kò bá a sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, kí a má ṣe fi òṣùwọ̀n Nátánì nìkan wọn Ogunde. Ẹnì kan ni Nátánì ń bá sọ̀rọ̀, ọba tí ọkàn rẹ̀ ṣì lè rọ̀. Ogunde ń bá àwọn tí a gba àgùntàn wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ẹ tún ìtàn Nátánì kà: tálákà náà kò fọhùn rárá, a kò sì gbọ́ bí ilé rẹ̀ ti rí lẹ́yìn tí àgùntàn lọ. Nínú eré Ogunde, tálákà di ẹni tí à ń kọrin rẹ̀ ní gbangba. Èyí ni a kà sí iyì rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú 21 ní Iva Valley, ní Enugu, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, ó gbé Bread and Bullet jáde ní 1950.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá mú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n oúnjẹ wá láti fi ṣeré, ẹ má ṣe lé e. Ẹ bi í ní nǹkan méjì: ta ni ìwọ ń bá sọ̀rọ̀, àti pé ǹjẹ́ tálákà inú ìtàn rẹ ní ohùn? Bí ó bá rí èsì fún méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin.