Ihò Mélòó, Iná Mélòó: Iṣẹ́ Yíyan Switch ní Olówóra

Iye owó ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ní Ìṣẹri Olówóra. "Injiníà, èló ni switch oníhò mẹ́jọ ní Computer Village báyìí?" Switch yìí ni àpótí tí wọ́n ń ki okùn kọ̀ǹpútà bọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe ti gílóòbù ara ògiri. Òǹkọ̀wé yìí, tó ń fi síso kọ̀ǹpútà pọ̀ jẹun láti Berger dé Ketu, kì í yára dáhùn. Ọ̀rọ̀ iná ló kọ́kọ́ máa ń wádìí. Ṣé inverter wà, àbí jẹnẹrétọ̀ nìkan? Ṣé UPS kékeré tó ń gbé router dúró ṣì ní ẹnu kan tó ṣófo?

Lójú tirẹ̀, iná ṣe pàtàkì ju eré lọ. Switch kékeré tí kì í fún kámẹ́rà níná kì í jẹ ju watt díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí NEPA bá gbé iná, tí router wà lórí bátìrì tí switch sì kú, gbogbo kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ọn ti pàdánù íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi máa ń yẹ ara ṣájà wò kó tó sanwó. Àwọn kan ń lo 5 volt, àwọn kan 9, àwọn mìíràn 12. Èyí tó bá UPS ilé náà mu ni kí wọ́n rà. Ẹnu wáyà wọn lè jọra, síbẹ̀ 12 volt tí wọ́n kì bọ switch tó fẹ́ 5 lè jó o lójú ẹsẹ̀.

Ọgbọ́n inú àpótí yìí ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà máa wù ú. Láyé hub, àpótí tí wọ́n ń lò ṣáájú switch, ohun tí kọ̀ǹpútà kan bá sọ, gbogbo ihò ni hub ń kéde rẹ̀ sí, bí akéde ọba tó ń lu agogo káàkiri ìlú. Ti switch yàtọ̀. Bí ìsọfúnni bá ti wọlé, á ka àdírẹ́sì ẹ̀rọ tó fi ránṣẹ́, á fi sọ́kàn pé ihò báyìí ni ẹ̀rọ náà wà. Nígbà tí ẹlòmíràn bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ihò yẹn nìkan lọ̀rọ̀ máa gbà. Ẹnikẹ́ni kò ní í jókòó kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ Kalpana ní California ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún Ethernet ní 1990, oníhò 7. Cisco ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1994. Láti 2015 tí JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà nìkan ṣe UTME, àìmọye ọmọ ló ti ṣe ìdánwò tí ìdáhùn wọn gba inú switch kọjá, tí wọn kò sì mọ̀ pé ó wà nínú yàrá.

Ní ti eré, bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé kò bá ju 50 megabit lọ, switch oní-100 megabit tó o. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gé fídíò ìsìn ọjọ́ Àìkú kò gbọdọ̀ rà á. Fídíò 10 gigabyte máa gbà ju ìṣẹ́jú 13 lọ kó tó ti orí kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn. Lórí oní-gigabit, kò ní tó ìṣẹ́jú méjì, bí díìsìkì bá lè bá a sáré.

Kámẹ́rà ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ìlànà PoE, tó ń jẹ́ kí iná kámẹ́rà gba inú okùn nẹ́tíwọ̀kì láti ara switch, tí àjọ IEEE gbé kalẹ̀ ní 2003, gba ihò kan láyè láti fúnni ní watt 15.4, nítorí náà ẹni tó rí ihò mẹ́jọ á rò pé 123 lòun rà. GS108LP ti Netgear ní ihò PoE mẹ́jọ, síbẹ̀ 60 péré ni gbogbo wọn jọ ń pín. Ká ní kámẹ́rà mẹ́jọ ń jẹ watt 5 lọ́sàn-án, 40 ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí iná infrared wọn tàn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá ń jẹ 9, ó di 72. Kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lóru, ìgbà tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Ti òru ni kí wọ́n máa ṣírò.

Okùn ńkọ́? Ẹ fi abẹ fá wáyà rẹ̀ díẹ̀. Bí inú bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lásán ni, kì í sì í gbé iná kámẹ́rà dáadáa. Bàbà gidi pọ́n dé inú. Okùn kan kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ.

Ewu kan ṣì kù. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì lè rí ẹnu okùn kan nílẹ̀, kó fi inú rere kì í bọ ihò tó ṣófo, láìmọ̀ pé ẹnu kejì okùn náà wà lára switch yẹn kan náà. Ọ̀rọ̀ á wá máa yí po láìdúró títí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì á fi dákú. Radia Perlman wá ojútùú sí èyí ní 1985, nígbà tó wà ní Digital Equipment Corporation. Spanning Tree lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ switch olówó pọ́ọ́kú kò ní in. Fún ọ́fíìsì tí èrò ń wọ̀, òǹkọ̀wé yìí máa ń rọ oníbàárà pé kó fowó kún un, kó ra èyí tó ní in. Bí owó kò bá sí, á kọ orúkọ sára ẹnu okùn méjèèjì, á sì gbé switch náà kọ́ sára ògiri níbi tí ìgbálẹ̀ kò ní dé.