Pléètì Tí Ohun Kan Kò Hù Lórí Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gboyè nínú ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí ló máa ń retí iṣẹ́ àwárí ńlá nílé iṣẹ́ apoògùn. Nígbà tí wọ́n bá dé Ìkẹjà tàbí Ọ̀tà, ohun tí wọ́n máa ń bá ni pé kí wọ́n yẹ omi wò, kí wọ́n gbé pléètì ágà, oúnjẹ tí kòkòrò ń hù lórí rẹ̀, sínú yàrá tí wọ́n ti ń rọ oògùn sígò, kí wọ́n ka ohun tó bá hù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í pẹ́ sú ẹlòmíràn. Èrò tèmi ni pé inú iṣẹ́ tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín yìí gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ wa wà, torí pé ìdánwò tí a ń ṣe lẹ́yìn tí oògùn ti parí kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìgò abẹ́rẹ́, 20 péré ni ìlànà ní ká mú láti wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. A ó fi wọ́n sínú oúnjẹ kòkòrò oríṣi méjì, ọ̀kan fún àwọn tó ń mí afẹ́fẹ́, ìkejì pàápàá fún àwọn tí afẹ́fẹ́ ń pa, a ó sì máa ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 14. Ká ní ìgò kan nínú 100 ló ní kòkòrò: nǹkan bí ìgbà 82 nínú 100 ni ìgò 20 tí a mú yóò mọ́ tónítóní, tí àwọn yòókù yóò sì kọjá lọ bá aláìsàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán. Ní 1972, dírípù tí kòkòrò ti wọ̀ pa àwọn aláìsàn ní Devonport, ní Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbìmọ̀ Clothier tú u wò: afẹ́fẹ́ ló há sí ìsàlẹ̀ autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi oru gbígbóná pa kòkòrò, oru kò ráyè dé ara àwọn ìgò ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kọ bí ó ṣe gbóná sí sọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́. Ìdánwò ìgbẹ̀yìn kò sì dá a dúró.

Nítorí náà, pléètì tí ohun kan kò hù lórí rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Ṣé ágà yẹn lè gbé kòkòrò rárá? Ká tó lò ó, a ní láti ta kòkòrò tí a mọ orúkọ rẹ̀ sí i, èyí tí kò ju 100 lọ, ká fojú rí i pé ó hù. Ṣé kì í ṣe kẹ́míkà tí wọ́n fi nu tábìlì ló kù sójú pléètì? Ṣé atẹ́gùn yàrá kò ti gbẹ ẹ́ láàárín wákàtí mẹ́rin tí a fi ṣí i sílẹ̀? Omi tí a fi ń po oògùn tí kì í ṣe abẹ́rẹ́ ńkọ́? Tí kòkòrò inú mílílítà kan kò bá ju 100 lọ, ó yege. Ṣùgbọ́n omi tó máa ń ní 5, tó wá di 40, tó di 60, mo fẹ́ kí ọmọ tuntun yẹn ké gbàjarè kó tó dé 100, torí kòkòrò ti lè tẹ̀dó sínú páìpù. Iye nìkan kò sì tó: kòkòrò tó ń jẹ́ Burkholderia cepacia ń gbé inú omi tó mọ́ gaara, ó tún lè fara da ohun tí a fi ń pa oògùn olómi mọ́.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ tó ń ka kòkòrò ti dé. Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ràn wọn, àmọ́ èèyàn ló ń mọ igun tó yẹ ká gbé pléètì sí, àti ìdí rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní owó oṣù báǹkì ju tiwa lọ. N kò jiyàn. Èyí tó wúwo jù ni pé ọmọ tuntun kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá tó fẹ́ kí ọjà jáde. Ìwé tó kọ ní ẹnu fún un: àbájáde tó ní déètì àti ìbuwọ́lùwé kò ṣeé fi pamọ́ nígbà tí àwọn NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso oògùn, bá ní kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ wá. Kí ó sì ti béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé ta ló láṣẹ láti dá oògùn dúró. Bí wọ́n bá ní ọ̀gá tó ń po oògùn náà ni, kí ó wá iṣẹ́ síbòmíràn.